Ẹrù, Ọkọ̀ àti Òfin Ìrìn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọlọ́jà Mọ̀

 

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú ni a fẹ́ sọ lóṣù yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé orí owó. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni, àti ohun tí ń gbé ẹrù rìn, àti ohun tí ń dá ẹrù dúró. Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ṣebí iṣẹ́ tíṣà nìyẹn, kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹyin tó ń fọ́ láàárín Iyana-Ipaja sí Ikotun, ti tòmátì tó ti di omi nínú apẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé Igando, àti ti ọmọláńke tó ń dojú dé sínú gọ́tà nígbà òjò. Owó ẹgbẹ́ ló ń dà nù lójú ọ̀nà yẹn. Owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò mọ̀ pé ẹyin fọ́. Ìparí oṣù kò ní tìtorí rẹ̀ yẹ̀, oníduró ni a ó sì ránṣẹ́ pè. Ti ẹ̀mí ènìyàn kò tilẹ̀ ṣeé fi owó wọ̀n.

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, Isaac Newton ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Baba rẹ̀ ti kú kí ìyá rẹ̀ tó bí i ní 1642. Ní 1687 ó gbé ìwé ńlá kan jáde ní èdè Látìnì, inú ìwé náà ni ó to òfin mẹ́ta sí nípa bí nǹkan ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń dúró. Galileo, ará Ítálì, ti la apá kan nínú ọ̀nà náà sílẹ̀ dè é. Òfin tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí ìjọba ń ṣe, tí ènìyàn lè bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó ṣe mú tírélà ni ó mú alábàárù, bí ó ṣe mú ọ̀gá ni ó mú ọmọ iṣẹ́. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n lò dáadáa, wọn kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Òfin kìíní sọ pé ohun tó dúró fẹ́ máa dúró ni, ohun tó ń lọ sì fẹ́ máa lọ ni, ní tààrà àti ní eré kan náà, àfi bí ipá kan láti òde bá tì í, tàbí tó fà á, tàbí tó dá a lẹ́kun.

Ẹ wo ọmọláńke. Àpò ìrẹsì márùn-ún wà lórí rẹ̀, 50 kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 250 kílò nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá ti ti ọmọláńke rí ló mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ló le jù. Ẹni tó ń tì í á fẹsẹ̀ tilẹ̀, á fi àyà lé e, iṣan ọrùn á yọ, á máa wò yíká bóyá ẹnì kan á bá òun ti díẹ̀. Bí ó bá ti wá ń yí, ẹyọ ẹnì kan á máa dá tì í lọ, á tún máa kọrin. Ẹrù náà kò fúyẹ́ sí i o. Ohun tó dúró ni kò fẹ́ gbéra. Nígbà tó sì ti gbéra, kò fẹ́ dúró mọ́.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló máa ń rú ènìyàn lójú. Ojú wa ti mọ́ nǹkan tó ń rìn tó sì ń dúró fúnra rẹ̀, a wá rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò rẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ tó ń gbò ó, afẹ́fẹ́ tó ń pàdé rẹ̀, ìdí wíìlì tó gbẹ tí kò rí gírísì, àwọn ni wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Ẹ fi gírísì sí i, ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó tó, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń tì í kò ní í mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Èló tilẹ̀ ni gírísì? Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọláńke ló wà nínú ọjà wa tó jẹ́ pé igbe wíìlì rẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbọ́ kí a tó rí ẹni tó ń tì í.

Ẹ bọ́ sínú dánfó báyìí. Ọlọ́kadà kan já wọ iwájú ọkọ̀ ní Idimu, dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì. Gbogbo èrò á forí lọ síwájú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú dẹ́rẹ́bà. Ta ló tì wọ́n? Kò sẹ́ni tó tì wọ́n. Ọkọ̀ ni bíréèkì mú, kò mú èrò. Ara wọn ṣì ń bá eré tí wọ́n ti ń bọ̀ lọ títí ìjókòó iwájú fi dá wọn dúró. Bí ọkọ̀ bá tún ṣí lójijì, ẹ̀yìn ni wọ́n á fì sí, nítorí ọkọ̀ ti lọ, ara wọn ṣì fẹ́ wà níbi tó wà.

Ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò tíì dúró tán, òfin yìí ló ń bá wọ̀yá ìjà. Ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ilẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n orí àti àyà ṣì ń bá ọkọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ndọ́ fi máa ń kọjú síbi tí ọkọ̀ kọjú sí, tó sì máa ń sáré tẹ̀lé e díẹ̀ kí ó tó dúró. Ìyá ọlọ́jà tó gbé igbá lérí, tó tún pọn ọmọ sẹ́yìn, kò lè sá eré yẹn. Kí ó ní kí ọkọ̀ dúró ná. Bí kọ̀ndọ́ bá fẹ́ pariwo, kó máa pariwo.

A ní ohun tó ń lọ fẹ́ lọ ní tààrà. Bí ọkọ̀ bá ń yí ráńdábáòtù Ikotun po, ara èrò á máa fì sí òde ìyíká náà. Ọkọ̀ ló yà, ara kò tíì yà. Ènìyàn lè di ìjókòó mú, ẹrù kò lọ́wọ́ tí yóò fi di nǹkan mú. Ìyẹn ni ẹrù tí a kò so dáadáa sórí ọkọ̀ fi máa ń já bọ́ níbi kọ́nà, tí kì í já bọ́ lójú ọ̀nà tó lọ gbọọrọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹkún ni ti kọ̀nténà. Ó yẹ kí wọ́n fi irin tì í mọ́ orí tírélà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọn kò bá tì í, ó kàn jókòó sórí rẹ̀ bí igbá tó jókòó sórí òṣùká ni. Tírélà á yà, kọ̀nténà á fẹ́ máa lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 2015, kọ̀nténà kan já bọ́ láti orí afárá Ojuẹlẹgba lé ọkọ̀ kan, ènìyàn 3 kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2023, ní Ojuẹlẹgba yẹn kan náà, òmíràn tún wó lu bọ́ọ̀sì èrò, ènìyàn 9 ló bá a lọ. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ọjà nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ó bá rí tírélà tó gbé kọ̀nténà níbi kọ́nà tàbí lórí afárá, kí ó má ṣe bá a fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ rìn. Kí ó jẹ́ kí ó kọjá.

Omi náà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú òfin yìí. Àwọn ìyá wa tó ń pọnmi lódò máa ń fi ewé tútù tàbí àwo lé ojú omi inú garawa. Omi kì í fẹ́ dúró nígbà tí ẹni tó rù ú bá dúró, ó fẹ́ máa lọ, á ré kọjá etí garawa. Ewé yẹn ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Ohun kan náà ni àwọn tó ń ṣe tánkà epo ń ṣe bí wọ́n bá fi irin pín inú tánkà sí yàrá yàrá. Tánkà tó gbé 33,000 lítà pẹtiróòlù, epo inú rẹ̀ nìkan wúwo tó nǹkan bí 24 tọ́ọ̀nù, bí àpò ìrẹsì 480. Ẹ wá ro ó wò bí bíréèkì irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá kọṣẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá afárá Ọtẹdọla nìyẹn, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2018: bíréèkì tánkà kọṣẹ́, epo dà sílẹ̀, iná sì jó ọkọ̀ tó lé ní 50, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Òfin kejì ni ti ìṣirò. Ẹ má sá o, kò le ju ìṣirò ọjà lọ. Ó sọ pé ipá tí nǹkan nílò wà lórí ohun méjì: bí nǹkan náà ṣe wúwo tó, àti bí a ṣe fẹ́ kí eré rẹ̀ yí padà kíákíá tó. Bí ẹrù bá wúwo, ipá gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí a bá sì fẹ́ kí ó dúró wàrà, ipá gbọ́dọ̀ pọ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un láyè díẹ̀ kí ó tó dúró, ipá tó máa bà á á dín kù.

Ẹ ti rí àwọn tó ń já iṣu lára tírélà. Ẹni òkè á ju iṣu, ẹni ìsàlẹ̀ á hán an. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Kì í na ọwọ́ gan-an pàdé iṣu. Bí iṣu bá ṣe ń kàn án lọ́wọ́ ni ó ń fa ọwọ́ náà bọ̀ wá sí àyà. Ó ń fún iṣu láyè láti dúró díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ó bá na ọwọ́ gan-an, iṣu á fọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa ta á. Kò lọ sí ilé-ìwé Newton, ṣùgbọ́n ó mọ òfin kejì ju ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ ọ lọ.

Báyìí ni kí ọlọ́ẹyin ṣe ro ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kírétì oníbébà tí ẹyin 30 ń jókòó sí ń rọ̀ díẹ̀ bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, ó ń fún ẹyin láyè. Bí ẹ bá wá kó kírétì lé irin gbígbẹ, gbogbo gbọ̀ngbọ̀n kòtò náà ni yóò lọ sára ti ìsàlẹ̀. Fóòmù ògbólógbòó tàbí àpò òfìfo mélòó kan lábẹ́ rẹ̀ á dín àdánù kù. Tòmátì pẹ̀lú: apẹ̀rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí ara wọn kì í ṣe nǹkan títí ọkọ̀ yóò fi bọ́ sí kòtò, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ti ìsàlẹ̀ á ru ìwúwo tó ju èyí tí a gbé lé e lọ́jà lọ.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ sídìí òṣùwọ̀n, nítorí ẹjọ́ ibẹ̀ pọ̀. Òṣùwọ̀n tó ní abẹ́rẹ́ kò mọ ẹran, kò mọ ẹja. Ipá tó bà á ló mọ̀. Bí ẹlẹ́ran bá ju ẹran sórí rẹ̀ gbì, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá eré ẹran náà dúró, abẹ́rẹ́ á fò kọjá ibi tó yẹ, á wá padà wálẹ̀. Ẹni tó bá pe iye rẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lókè ti yan oníbàárà jẹ. Kí olùrà mú sùúrù kí abẹ́rẹ́ dúró jẹ́ẹ́ ná, kí ó sì wo ibi tí àtàǹpàkò ẹlẹ́ran wà. Àtàǹpàkò náà ní ipá tirẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ eré báyìí. Ọkọ̀ tó ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan, tí táyà rẹ̀ dára, tí ọ̀dà sì gbẹ, yóò dúró láàárín nǹkan bí mítà 5 bí bíréèkì bá ti mú un. Bí ó bá ń sá 60, ṣé mítà 10 ni yóò fi dúró? Rárá o, mítà 20 ni. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí yóò fi dúró di ìlọ́po mẹ́rin. A kò tíì ka ìṣẹ́jú àáyá kan tí dẹ́rẹ́bà fi rí nǹkan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì. Ní 60, ọkọ̀ ti rin mítà 17 nínú ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Bí òjò bá rọ̀, tàbí tí táyà ti pá, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí èrò kan ní kí dẹ́rẹ́bà “tẹná”, ẹ bá a wí. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e ní 2016 pé kí ọkọ̀ akérò ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí eré kọjá ààlà. Ìṣirò òkè yìí ni ìdí rẹ̀.

Bí ọkọ̀ tó ń sá 50 bá kọ lu nǹkan tó sì dúró láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ á wúwo, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, bí ẹni pé ó di ìlọ́po 14. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ jòjòló tó wọn kílò 10, tí ìyá rẹ̀ gbé lé ẹsẹ̀ ní ìjókòó iwájú, á fà bí ẹrù kílò 140. Ó kù díẹ̀ kí ó tó àpò ìrẹsì mẹ́ta. Kò sí ìyá náà, bó ti wù kí ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó, tí apá rẹ̀ lè di ìyẹn mú. Ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ jókòó níwájú ọkọ̀. Bẹ́líìtì ìjókòó ń ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń hán iṣu: ó ń mú àgbàlagbà dúró, ó sì ń fún un láyè díẹ̀. Akoto ọlọ́kadà náà, fóòmù inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹwà òde rẹ̀. Akoto tí fóòmù rẹ̀ ti jẹ kò yàtọ̀ sí igbá.

Àwa ọlọ́jà sì ní àṣà kan tó ń bà wá lẹ́rù. A máa ń to àpò gààrí àti àpò sìmẹ́ńtì sẹ́yìn dánfó, a kò so ó, èrò á sì jókòó síwájú rẹ̀. Àpò 50 kílò kan, bí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan ní eré tí a wí yẹn, á ti ìjókòó iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ipá kílò 700. Ìjókòó dánfó, tí ẹlòmíràn jẹ́ pákó lásán, kò lè gbà á dúró. Ẹrù wúwo, ìsàlẹ̀ ni kí ó wà, kí ó fara ti ìjókòó láìsí àlàfo, kí a sì fi okùn dè é. Àlàfo ló burú jù, nítorí inú àlàfo ni ẹrù ti ń rí ibi sáré.

Òfin kẹta kò gùn. Bí ẹ bá ti nǹkan, nǹkan náà ń tì yín padà pẹ̀lú ipá kan náà, kò lé, kò dín. Nígbà tí ẹ bá ń rìn, ẹsẹ̀ yín ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ sì ń tì yín síwájú. Ẹni tó bá fò láti inú ọkọ̀ ojú omi sí èbúté mọ̀ pé ọkọ̀ náà á sún sẹ́yìn. Nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ń ti ilẹ̀, ilẹ̀ kò lágbára láti tì í padà, ènìyàn á yọ̀. Bí dánfó bá rì sínú ẹrẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá lè máa tì í lásán, nítorí inú ẹrẹ̀ làwọn náà dúró sí. Ẹ kọ́kọ́ wá òkúta, yanrìn tàbí pákó sábẹ́ táyà àti sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń tì í. Ènìyàn mẹ́rin á yọ ọ́ lẹ́yìn náà.

Ohun tó dúró jẹ́ẹ́ náà wà lábẹ́ òfin yìí. Bí ilé ṣe ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ilẹ̀ àti òpó ń ti ilé sókè. Ọjọ́ tí òpó kò bá lè tì í padà tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ilé á wó. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní agbègbè Ikotun níbí, ènìyàn 116 ló kú, ará Gúúsù Áfíríkà sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ ní 2015 pé àṣìṣe inú ètò ìkọ́lé ló fà á. Ìjọ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa ń sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ yá owó kọ́lé ni pé, bí a bá ṣe òpó fún ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó má ṣe gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e nítorí pé owó wọlé. Kí ó pe ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà kí ó wá wò ó.

Ó ku ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọmọláńke wa tó gbé 250 kílò, bí ọ̀nà bá fi mítà kan sọ̀kalẹ̀ nínú mítà mẹ́wàá, ẹrù náà á máa fà sísàlẹ̀ pẹ̀lú ipá bíi kílò 25, láìka ti ọmọláńke fúnra rẹ̀. Géńdé kan lè dá ìyẹn mú bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rí ilẹ̀ gbígbẹ tẹ̀. Bí bàtà rẹ̀ bá ń yọ̀ lórí ọ̀dà tútù, kò lè dá a mú. Bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, dídá a dúró le ju dídì í mú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Púpọ̀ nínú ọmọláńke wọ̀nyí kò ní bíréèkì. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ẹrù kí ó ní ìdènà pákó méjì nínú ọmọláńke rẹ̀, ọ̀kan fún wíìlì kọ̀ọ̀kan. Kí ó kó ẹrù wúwo sórí ìdí wíìlì gan-an, kì í ṣe sí ẹnu níbi tí yóò ti máa fà á nídìí. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn ọmọláńke ni kí ó wà, kí ó máa fà á padà. Kí ẹni kankan má ṣe dúró síwájú rẹ̀, pàápàá jù lọ àwọn ọmọdé tó máa ń rò pé àwọn ń ran bàbá lọ́wọ́.